Ìsìnkú Ìdájọ́ Ọlátẹ́jú

Ẹ jókòó dáadáa, kí ẹ sì dákẹ́, nítorí pé àlá tí a fẹ́ rọ́ fún yín yìí, ọ̀sán gangan ni wọ́n lá a, lórí tábìlì iṣẹ́, pẹ̀lú bírò lọ́wọ́. Amòfin Àrínpé Láníyọnu ni ó lá a, nínú ọ́fíìsì rẹ̀ ní Iléṣà, ní ọjọ́ Sátidé kan tí òjò ṣú tí kò rọ̀. Bí ó ti rọ́ ọ fún àwọn amòfin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ojú tí kò rẹ́rìn-ín rárá, bẹ́ẹ̀ náà ni a ó ṣe rọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n ó yẹ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ kí oorun tó gbé e.

Oníbàárà rẹ̀ kan wà tí ń jẹ́ Màmá Ìbídùn Fáṣeyì. Agbẹ̀bí ni Màmá. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba láti ọdún mẹ́rìndínlógún, ṣùgbọ́n àwọn aboyún àdúgbò kò gbà pé ó fẹ̀yìn tì. Ọ̀nà ẹsẹ̀ kan ni wọ́n ń gbà dé ilé rẹ̀, ọ̀nà tí ó gba orí ilẹ̀ Ọ̀gbẹ́ni Fámúwàgún kọjá, tí gbogbo ènìyàn ti ń rìn láti ìgbà tí irun Màmá ṣì dúdú. Ní ọdún tí ó kọjá, Ọ̀gbẹ́ni Fámúwàgún mọ ògiri gíga, ó fi dí ọ̀nà náà pa. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó bá ń rọbí gbọ́dọ̀ gba inú àbàtà yí ká. Obìnrin kan ti bímọ sínú àbàtà náà. Ọmọ náà yè, ìyá náà yè, ṣùgbọ́n Màmá kò sùn dáadáa mọ́.

"Lọ́yà mi," ni Màmá wí ní ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí ó wá sí ọ́fíìsì pẹ̀lú ẹrẹ̀ ní etí ìró rẹ̀, "ọwọ́ mi ni wọ́n bí ọ sí. O kò tíì jáde tán tí o ti ń pariwo bí ẹni tí ń bá adájọ́ jiyàn. Mo sọ fún ìyá rẹ pé èyí yóò di lọ́yà tàbí oníwàásù."

"Màmá, ẹ ti sọ ọ́ fún mi rí."

"Mo ń tún un sọ ni, kí o lè mọ̀ pé mo lẹ́tọ̀ọ́ láti bi ọ́ ní ìbéèrè. Ṣé ọwọ́ wa yóò tẹ ọ̀nà yẹn padà?"

Gbogbo ẹjọ́ náà, orí ìdájọ́ àtijọ́ kan ṣoṣo ni ó gbé e kà, èyíinì ni ìdájọ́ Ọlátẹ́jú, tí wọ́n dá ní ọdún 1963. Ìdájọ́ náà ni ó sọ pé ọ̀nà tí àwọn ènìyàn bá ti ń rìn ní gbangba fún ogún ọdún, tí onílẹ̀ rí wọn tí kò sì sọ̀rọ̀, onílẹ̀ kò lè ṣàdédé dí i mọ́. Kò sí ìdájọ́ mìíràn tí ó sọ ọ́ kedere tó bẹ́ẹ̀. Ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, Àrínpé gbọ́dọ̀ fi ìwé àwíjàre rẹ̀ lé ilé ẹjọ́ lọ́wọ́. Adájọ́ sì ti sọ fún un pé òun kò ní sún ọjọ́ síwájú mọ́, ìbáà ṣe ìṣẹ́jú kan.

Ní òwúrọ̀ Sátidé ni Amòfin Fálọ́dún, ẹni tí ń gba ẹjọ́ Ọ̀gbẹ́ni Fámúwàgún rò, fi ìwé tirẹ̀ ránṣẹ́. Gbólóhùn kan nínú rẹ̀ ni ó mú kí tíì tí Àrínpé ń mu tutù mọ́ ọn lọ́wọ́: "Ìdájọ́ Ọlátẹ́jú, tí ọ̀rẹ́ mi ọ̀mọ̀wé ti ń gbára lé láti ìbẹ̀rẹ̀, ti kú. Ìdájọ́ Àkínṣíkù ti ọdún 1988 ni ó pa á."

Àrínpé ṣí kọ̀ǹpútà. Ìkànnì kan wà lórí ayélujára tí àwọn amòfin fi ń wádìí bóyá ìdájọ́ àtijọ́ ṣì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ènìyàn yóò tẹ orúkọ ìdájọ́ sí i, ìkànnì náà yóò sì to gbogbo ìdájọ́ tí ó tọ́ka sí i lẹ́yìn náà sí abẹ́ rẹ̀ bí ọmọ àti ọmọ-ọmọ: èyí tí ó tẹ̀lé e, èyí tí ó yà kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, èyí tí ó fagi lé e. Àmì róbótó kan yóò wà ní ẹ̀gbẹ́ orúkọ náà. Bí àmì bá ní àwọ̀ ewé, ìdájọ́ náà yè. Bí ó bá ní àwọ̀ ìyeyè, kí amòfin ṣọ́ra. Bí ó bá pọ́n, wọ́n ti fagi lé e.

Ó tẹ "Ọlátẹ́jú". Àmì náà pọ́n bí ata rodo.

Kò kà síwájú. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ amòfin máa ń ṣe, bí wọn kò tilẹ̀ ní jẹ́wọ́ rẹ̀: bí wọ́n bá ti rí pupa, wọn a pa ìwé dé, wọn a wá òmíràn lọ. Ṣùgbọ́n Àrínpé kò ní òmíràn. Ó mú bírò láti fi fa ìlà gba àárín orúkọ Ọlátẹ́jú kọjá nínú ìwé àwíjàre rẹ̀. Kí ó tó fà á, ó gbé orí lé apá kí ó sinmi díẹ̀. Ibẹ̀ ni oorun ti mú un.

Àmì pupa náà bọ́ kúrò lójú kọ̀ǹpútà. Ó yí gbirigbiri lórí tábìlì, ó yà fún ife tíì, ó sì dúró níwájú Àrínpé.

"Ẹ káàsán, Mà," ni ó wí. "Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ibí ni wọ́n ń gbà lọ síbi ìsìnkú?"

"Ìsìnkú ta ni?"

"Ti Bàbá Ọlátẹ́jú. Èmi ni mo ń kéde rẹ̀. Láti ọdún 1988 ni mo ti ń kéde rẹ̀, wọn kò sì tíì sin ín. Ó ti rẹ̀ mí, Mà."

Ọ̀rọ̀ náà kò ya Àrínpé lẹ́nu. Ohun tí ó ń rò ni pé kò yẹ kí wọ́n sin irú àgbàlagbà bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé òun yọjú.

"Aago mélòó ni wọn yóò sin ín?"

"Aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé."

"Òní ni Sátidé."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. A ti pẹ́."

Àrínpé rí i pé òtítọ́ ni ó sọ. Ó dìde, ó gbé aṣọ kóòtù rẹ̀ wọ̀, ó sì na ọwọ́ mú wíìgì rẹ̀ lórí ìkọ́. Wíìgì náà yán bí ẹṣin.

"Ẹ rọra fà mí," ni wíìgì wí. "Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń jókòó lé yín lórí. Ẹ kò bi mí rí bóyá mo ti jẹun."

"Mo máa ń fi kàfúrà sí ọ lára."

"Mo mọ̀. Ó korò. Irun ẹṣin ni wọ́n fi hun mí, Mà. Koríko ni mò ń jẹ."

Àrínpé tọrọ àforíjì, ó sì já ewé òdòdó tí ó wà lójú fèrèsé fún un. Wíìgì jẹ ẹ́ tán. Ó gbọn ara rẹ̀, ó sì ń tóbi, títí àwọn ìlọ́ irun ìsàlẹ̀ rẹ̀ fi di ẹsẹ̀ mẹ́rin. Àrínpé gùn ún ní ẹ̀gbẹ́, gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ kí obìnrin tí ó wọ aṣọ kóòtù gun ẹṣin, wọ́n sì gba ojú fèrèsé jáde. Àmì pupa ń yí bọ̀ lẹ́yìn wọn nínú afẹ́fẹ́, ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má sáré.

"Níbo ni à ń lọ?" ni Àrínpé bi wíìgì.

"Ọ́fíìsì akọ̀wé kóòtù. Wọn kò ní jẹ́ kí ẹ wọ ibi ìsìnkú láìmú ìwé ẹ̀rí ikú dání."

Ọ́fíìsì náà wà lójú ọ̀run, lókè àwọn òkè Iléṣà. Okùn fáìlì tín-ín-rín ni wọ́n fi so ó mọ́ orí igi àràbà kan. Bí ènìyàn bá kó ìwé wọlé, ọ́fíìsì náà a sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀. Bí fáìlì kan bá sì sọnù, a tún gòkè sí i. Ní ọjọ́ náà, ó ga gan-an. Àwọn òṣìṣẹ́ ń fi ọwọ́ ti ìkùukùu kúrò lórí ìwé kí wọ́n lè rí ibi tí wọn yóò lu òǹtẹ̀.

Akọ̀wé Àgbà, ọkùnrin ọlọ́wọ̀ kan tí ó wọ ìgò ojú, dìde kí i.

"Amòfin, ẹ kú ìrìn. Kí ni a lè ṣe fún yín?"

"Ìwé ẹ̀rí ikú ni mo fẹ́ gbà, sà. Ti ìdájọ́ Ọlátẹ́jú."

"Ṣé ẹ mú ìwé ìbúra wá, pé ẹ ń sùn?"

"Mi ò mú un wá, sà."

"Kò burú. Ẹ fi ẹnu búra."

Àrínpé gbé ọwọ́ sókè. Ó búra pé òun ń sùn, pé òun kò sì ní jí láìgba àṣẹ ilé ẹjọ́. Akọ̀wé Àgbà ń kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ó ti ń kọ ọ́, ìwo kékeré méjì yọ ní iwájú orí rẹ̀, irùngbọ̀n funfun sì yọ sí i lágbọ̀n. Kò sí òṣìṣẹ́ kankan tí ó gbójú sókè. Nígbà tí ó fi máa kọ gbólóhùn náà tán, ó ti di òbúkọ, ìgò ojú rẹ̀ sì wà níbi tí ó wà tẹ́lẹ̀.

"Ẹ má bínú," ni òbúkọ náà wí. "Ọwọ́ ọ̀sán ni ó máa ń ṣe mí."

"Kò sí wàhálà, sà."

Òbúkọ fi ẹnu gbé fáìlì ńlá kan wá. Ó ṣí i, ó fa ojú ìwé àkọ́kọ́ ya, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́.

"Akọ̀wé Àgbà," ni Àrínpé wí pẹ̀lú ìtẹríba, "ṣé ìwé ẹ̀rí ikú ni ẹ ń jẹ yẹn?"

"Rárá o. Ìdájọ́ Àkínṣíkù ni, ẹni tí wọ́n ní ó pa Bàbá. Ojú ìwé àkọ́kọ́ nìkan ni mo máa ń jẹ, níbi tí wọ́n ti ké ọ̀rọ̀ kúrú. Gbogbo amòfin ti fi ọwọ́ pa á títí, ó ti ní iyọ̀." Ó fi pátákò ti èyí tí ó kù sí iwájú rẹ̀. "Ẹ wo ìwọ̀nyí. Ojú ìwé mẹ́tàlélógójì. Kò sí ipa ìka kan lórí wọn. Mo tọ́ ọ̀kan wò rí, ó tẹ́ lẹ́nu bí omi òjò. Láti ìgbà tí wọ́n ti dì í, kò sí ẹni tí ó ṣí i."

"Ìwé ẹ̀rí ikú náà ń kọ́, sà?"

Òbúkọ yọ ìgò ojú rẹ̀, ó nù ún mọ́ irùngbọ̀n. "Amòfin, kí n má purọ́ fún yín. A ní ìkéde ikú níbí. A ní ìwé ìbánikẹ́dùn. A ní ìwé tí wọ́n fi tọrọ ilẹ̀ ibojì. Ìwé ẹ̀rí ikú gan-an ni a kò rí. Ẹ bá mi bi Àkínṣíkù fúnra rẹ̀, bí ẹ bá débẹ̀."

Ó fi pátákò lu òǹtẹ̀ sí i ní àtẹ́lẹwọ́, ó sì fi ọ̀nà hàn án. Àrínpé ṣí ilẹ̀kùn. Ojú ọ̀run ni ó yẹ kí ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìdí ògiri Ọ̀gbẹ́ni Fámúwàgún ni ó bọ́ sí, níbi tí wọ́n ti gbẹ́ ibojì. Wíìgì sọ pé òun yóò dúró jẹ koríko.

Àwọn ìdájọ́ ti pé jọ. Ènìyàn ni gbogbo wọn lójú àlá náà, ọdún tí wọ́n dá wọn sì wà láyà olúkúlùkù, pẹ̀lú àmì róbótó kékeré kan. Àwọn alámì ewé jókòó sí etí ibojì, wọ́n ń sunkún. Àwọn alámì ìyeyè dúró sí ọ̀nà jíjìn, wọ́n káwọ́ gbera.

"Ẹ kú àfẹ́kù," ni Àrínpé kí wọn.

"Mo tẹ̀lé e lọ́dún 1971," ni alámì ewé kan wí, ó ń nu imú. "Ibi tí ó bá gbà ni èmi náà ń gbà."

"Èmi tẹ̀lé e dé oríta," ni alámì ìyeyè kan wí láti òkèèrè. "Nígbà náà ni mo rí i pé ọ̀rọ̀ wa kò jọra. Ọ̀rọ̀ odò ni tèmi. Ẹ má sọ pé a jà o. A kò jà."

Bàbá Ọlátẹ́jú alára jókòó sí etí pósí rẹ̀, ó wọ agbádá ńlá tí ó bò ó dé ilẹ̀, ó sì ń jẹ ọ̀lẹ̀lẹ̀ nínú ewé. Ó ṣẹ́ díẹ̀ fún Àrínpé.

"Bàbá," ni Àrínpé wí, ó kúnlẹ̀, "wọ́n ní ẹ ti kú."

"Èmi náà gbọ́ bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. Ní ọdún kìíní, mo bá wọn jiyàn. Nígbà tí ó yá, mo rí i pé oúnjẹ ìsìnkú kò burú."

Ìgbà náà ni Amòfin Fálọ́dún jáde láti ẹ̀yìn òkìtì yẹ̀pẹ̀. Ṣọ́bìrì wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ohun gígùn kan tí ó ká bí ẹní sì wà ní abíyá òsì rẹ̀. Koríko ń yọ ní etí rẹ̀, iyanrìn sì ń dà sílẹ̀ nínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àrínpé mọ̀ ọ́n ní wéré. Ọ̀nà ilé Màmá Ìbídùn ni.

"Ọ̀rẹ́ mi ọ̀mọ̀wé, ẹ káàbọ̀," ni Fálọ́dún wí. "Ilẹ̀ ti gbẹ́ tán. Bí a bá ti bo Bàbá tán báyìí, n ó gbé ọ̀nà yìí lọ fún Ọ̀gbẹ́ni Fámúwàgún. Ó fẹ́ tẹ́ ẹ sí pálọ̀. Wọ́n ní ó bá àwọ̀ àga rẹ̀ mu."

Àrínpé fi etí sí ọ̀nà tí ó ká náà. Ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ nínú rẹ̀, àwọn obìnrin tí ń rìn tí wọ́n sì ń mí gúlegúle. Ohùn Màmá Ìbídùn sì jáde láti àárín wọn, kò ga, kò sì mì.

"Lọ́yà mi, inú ibí ṣókùnkùn, ṣùgbọ́n a kò dúró. Mo ní ẹni méjì níbí tí ọjọ́ wọn ti pé. Má pẹ́ púpọ̀."

"Mò ń bọ̀, Màmá," ni Àrínpé dáhùn. Ó kọjú sí Fálọ́dún. "Ọ̀gá Fálọ́dún, Bàbá ń jẹun lọ́wọ́."

"Mo rí i. Ẹ fi òfin tí ó ní òkú kò gbọdọ̀ jẹun hàn mí. Ṣùgbọ́n àmì pupa, òun ni gbogbo wa mọ̀. Àmì dà?"

"Èmi nìyí, sà," ni àmì pupa wí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yí dé ni, ó sì ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ìwọ àmì yìí," ni Àrínpé bi í, "ṣé ojú rẹ ni Bàbá ṣe kú?"

"Rárá, Mà. Wọ́n kàn ní kí n pọ́n ni, mo sì pọ́n. Àwọ̀ mẹ́ta péré ni wọ́n fún wa níbi iṣẹ́. Kò sí àwọ̀ tí a lè fi sọ pé díẹ̀ ni."

Àrínpé wá béèrè ibi tí Àkínṣíkù wà. Àwọn tí ń sunkún fi ẹnu júwe ìkángun ògiri, níbi tí ọkùnrin tín-ín-rín kan dá dúró sí. Ọdún 1988 wà láyà rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó bu oúnjẹ fún un. Bàtà ẹyọ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń fi ìka nu eruku orí rẹ̀.

"Ṣé ẹ̀yin ni ìdájọ́ Àkínṣíkù?"

"Èmi ni. Ẹ má sún mọ́ mi jù, wọn yóò ní a jọ pa á ni."

"Wọ́n ní ẹ̀yin ni ẹ pa Bàbá. Mo wá béèrè lọ́wọ́ yín ni."

Ọkùnrin náà wò ó títí. "Amòfin," ni ó wí, "ó ti pẹ́ tí ẹ ti ń fi ọwọ́ júwe mi nínú kóòtù. Ẹ̀yin ni ẹni kìíní tí yóò bi mí."

"Kí ni ẹ ṣe fún un?"

"Mo bọ́ bàtà rẹ̀ kan." Ó gbé e sókè. Bàtà òsì ni, awọ pupa rúsúrúsú, imú rẹ̀ sì há. "Bàtà méjì ni Bàbá wọ̀ nígbà tí wọ́n dá a. Ti ọ̀tún ni ó sọ pé ọ̀nà tí wọ́n bá ti rìn fún ogún ọdún, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dí i. Mi ò fi ọwọ́ kan ìyẹn. Ti òsì yìí ni ó sọ pé ẹni tí wọ́n bá dí ọ̀nà mọ́ gbọ́dọ̀ sáré dé kóòtù láàárín oṣù mẹ́ta, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó jókòó sílé. Bàtà yìí há, Amòfin. Àwọn tálákà kì í yára mọ ọ̀nà kóòtù. Mo bọ́ ọ lẹ́sẹ̀ Bàbá, mo sì ní kí Bàbá máa lọ."

"Oníbàárà mi, oṣù márùn-ún ni ó lò kí ó tó dé kóòtù."

"Ẹ bá mi kí i. Nítorí irú wọn ni mo ṣe bọ́ ọ."

Ẹni tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba Àrínpé láti òwúrọ̀ ni ó ń gbèjà Màmá yìí.

"Ṣé ẹ sọ bẹ́ẹ̀ ní gbangba?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ojú ìwé àkọ́kọ́ ni wọ́n ń kà, èyí tí òbúkọ ń jẹ."

Àrínpé padà sí etí ibojì. Ó tún aṣọ kóòtù rẹ̀ tò, ó sì lo ohùn tí ó máa ń lò níwájú adájọ́.

"Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ na ẹsẹ̀ yín kí gbogbo wọn rí i."

Bàbá Ọlátẹ́jú gbé ewé ọ̀lẹ̀lẹ̀ sílẹ̀. Ó fa etí agbádá sókè, ó sì na ẹsẹ̀ méjèèjì. Bàtà dídán kan wà ní ti ọ̀tún. Ti òsì kò ní bàtà, ó mọ́ tónítóní, ìka márààrún sì ń mì lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé wọ́n ń dáhùn orúkọ. Àwọn alámì ewé dẹ́kun ẹkún. Àwọn alámì ìyeyè rìn súnmọ́ tòsí láti wò ó.

"Mo takò ó," ni Fálọ́dún wí. "Ẹsẹ̀ yẹn kò sí nínú ẹ̀rí."

Ọ́fíìsì akọ̀wé kóòtù rọra sọ̀ kalẹ̀ láti ojú ọ̀run, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan igi. Òbúkọ yọ orí lójú fèrèsé.

"Mo ti gbà á wọlé," ni ó wí. Ó na ọrùn, ó sì fi pátákò lu òǹtẹ̀ sí àtẹ́lẹsẹ̀ Bàbá. "Ẹ̀rí kìíní."

"Mo tẹrí ba fún ilé ẹjọ́," ni Fálọ́dún wí, ó sì gbé ṣọ́bìrì sílẹ̀. Amòfin tòótọ́ ni òun náà.

Bàbá Ọlátẹ́jú na ọwọ́ sí ìkángun ògiri. "Àkínṣíkù, ọmọ mi, wá jẹun. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí kí ẹnìkan bi ọ́. Ìdájọ́ kì í dìde gba ẹjọ́ ara rẹ̀ rò. À fi kí ẹnìkan ṣí wa."

Bí ó ti dìde dúró báyìí, ọ̀nà tí ó ká bí ẹní fò kúrò lábíyá Fálọ́dún. Ó tú sílẹ̀, ó ń nà lọ tààrà sí ìdí ògiri. Ògiri náà wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì gbé ìsàlẹ̀ ara rẹ̀ sókè bí obìnrin tí ń ká ìró rẹ̀ kí omi má baà kàn án. Ọ̀nà gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Màmá Ìbídùn jáde nínú rẹ̀ pẹ̀lú àwọn obìnrin rẹ̀, ó ń gbọn iyanrìn kúrò lára wọn, ó ń bá ọ̀kan wí pé kò mí bí òun ti kọ́ ọ. Kò dúró kí ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ wà nílẹ̀.

Bàbá gbé ẹsẹ̀ lé ọ̀nà náà, èyí tí ó wọ bàtà ṣíwájú, èyí tí kò wọ̀ tẹ̀lé e.

"Àrínpé," ni ó wí, "dìde, kí o bá wa rìn."

Àrínpé fẹ́ dìde. Ẹsẹ̀ ọ̀tún gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ẹsẹ̀ òsì kọ̀. Ó fà á, kò wá. Ó tún fà á, ó sì jí.

Aago mẹ́rin kù díẹ̀. Òjò kò tíì rọ̀. Orí tábìlì ni àgbọ̀n rẹ̀ wà, bírò sì ti fa ìlà wíwọ́ sí apá aṣọ rẹ̀ dípò orúkọ Ọlátẹ́jú. Ó fẹ́ dìde kí ó máa lọ sílé, ṣùgbọ́n kò lè dìde. Ó ti ká ẹsẹ̀ òsì sí abẹ́ ìdí rẹ̀ nígbà tí ó ń sùn. Bàtà ẹsẹ̀ náà ti bọ́ sí abẹ́ tábìlì, ẹsẹ̀ náà sì ti kú fin-ín-fin-ín, tí kò fi mọ ìgbà tí òun fi ọwọ́ kàn án. Ti ọ̀tún wà nínú bàtà rẹ̀, kò sì sí ohun tí ó ṣe é.

Níwọ̀n bí kò ti lè lọ sí ibikíbi, ó fa kọ̀ǹpútà súnmọ́ra. Àmì pupa náà wà níbi tí ó wà tẹ́lẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Àrínpé tẹ orúkọ Àkínṣíkù. Ojú ìwé àkọ́kọ́ yọ, níbi tí wọ́n ti kọ "a fagi lé" gàdàgbà. Ó kọjá lórí rẹ̀. Ó ka ìkejì. Ó ka ìkẹta. Ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta á bí ẹni pé èèrà ń rìn nínú rẹ̀, ó sì ń kà síbẹ̀.

Bóyá ó ti kà á rí nígbà tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ tí ó sì gbàgbé, òun fúnra rẹ̀ kò lè sọ. Kò sí ọ̀rọ̀ bàtà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ojú ìwé kọkàndínlọ́gbọ̀n, adájọ́ kan tí kò pariwo ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ ọ́ báyìí: "Kí ẹnikẹ́ni má ṣì wá gbọ́. Gbèdéke oṣù mẹ́ta nìkan ni a fagi lé nínú ìdájọ́ Ọlátẹ́jú. Ní ti ẹ̀tọ́ àwọn tí ń rìn ọ̀nà náà, a kò yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò níbẹ̀."

Àrínpé ka gbólóhùn náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ṣí ìwé àwíjàre rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìpínrọ̀ tuntun sí abẹ́ orúkọ Ọlátẹ́jú, pẹ̀lú nọ́ńbà ojú ìwé.

Nígbà tí ó kọ ọ́ tán, ó gbé ẹsẹ̀ òsì sílẹ̀, láìwọ bàtà, ó sì rọra tẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀ tútù. Ó kọ́kọ́ dùn ún. Lẹ́yìn náà, ó gbà á dúró.